Nọ́ńbà Ìbùkún

Ìyá Wúrà kò tíì bọ́ sùtánà ìsìn nígbà tí ó tọ Morákinyọ̀ lọ nídìí kọ̀m̀pútà ìjọ wọn ní Goresbrook nílùú òyìnbó, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Morákinyọ̀ ọmọ mi, bá mi yọ̀! Wòlíì kan tí n kò mọ̀ rí ló pè mí láàárọ̀. Ó ní Wúrà ọmọ mi tó bínú kúrò nílé yóò padà wálé. Ó rí ìjà wa, ó rí abọ́ tí mo sọ mọ́ ọn! Ta ló sọ fún un, bí kò ṣe Ọlọ́run?"

Morákinyọ̀ ti ka ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn rí, nínú ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí ìyá náà fi ránṣẹ́ sí ìjọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Morákinyọ̀ ni ó ń tọ́jú àpótí tí ẹ̀bẹ̀ gbogbo ìjọ ń wọ̀ níbẹ̀. Bàbá Wòlíì Adédìran, olórí ìjọ, a sì máa dúró níwájú pẹpẹ, a máa ké ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí íńtánẹ́ẹ̀tì ìjọ fún àwọn tí dátà wọn ti tán, nígbà tí gbogbo ayé ń wo ìsìn lórí fóònù wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń ṣí àpótí ẹ̀bẹ̀. Morákinyọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun pààrọ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n ta ni yóò yí ohun tí Bàbá kéde lórí pẹpẹ padà? Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kí Bàbá kọ́kọ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ná. Bàbá kò gbàgbé.

"Kí ni ó ní kí ẹ ṣe, Mà?"

"Nọ́ńbà ìbùkún kan ń bọ̀ lórí fóònù mi. Kí n kà á fún un, kí ó fi gbàdúrà."

Fóònù dún: nọ́ńbà dé, orúkọ báńkì ìyá náà ni ó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó gbé e wá. Ìpè tẹ̀ lé e kíá.

"Awò ojú mi dà? Gbà, bá mi kà á fún un."

Morákinyọ̀ gba fóònù, ó gé ìpè náà.

"Kí lo ṣe yẹn? Ìwọ ọmọ yìí!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Olè ni, Mà; nọ́ńbà yẹn ni yóò fi wọ àpò owó yín ní báńkì. Inú ẹ̀bẹ̀ yín ni ó ti kà á. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un."

Ìyá náà rọra jókòó. "Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí ó rí Wúrà?"

"Kò sí, Mà."

Ó na ìka sí kọ̀m̀pútà. "Dìde. Pa ẹ̀bẹ̀ mi rẹ́ níbẹ̀."

Morákinyọ̀ ṣí ẹ̀bẹ̀ náà. Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ bọ́ sí ìlà ìkẹyìn: *Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́.*