Àmì Tí Wọ́n Fọ̀ Dànù

Sirajudeen ló sun abà bàbá wọn l'Ólúpọ̀nnà, níbi tó ti ń yan ẹmọ́ jẹ. Mùrí àbúrò rẹ̀ ni wọ́n dì í rù. Bàbá yọ Mùrí kúrò níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní kó wá fi ọkọ́ san abà padà. Láti ìgbà náà, "ẹ ǹlẹ́" lásán ló kù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n darúgbó, tí jẹjẹrẹ dí ọ̀nà ọ̀fun Mùrí láyà, tí ẹ̀kọ mímu pàápàá ń há a, mọ́tò Sirajudeen ló ń gbé e láti Ìwó lọ síbi ìtọ́jú n'Íbàdàn.

"Bàbá, àmì àyà yín dà?"

Fọlá, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ ìtànṣán, ló ń béèrè. Mùrí wolẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀rọ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀ rí. Bí nǹkan náà ò bá léwu, kí ló dé tí Fọlá máa ń sá jáde, tí yóò ti ilẹ̀kùn ńlá mọ́ òun nìkan?

"Àmì yẹn la fi ń mọ ibi tí ìtànṣán máa wọ̀ láti pa jẹjẹrẹ náà. Bó bá ṣìnà, ọkàn yín ò jìnnà síbẹ̀."

"Á jó ọkàn mi?"

"Mi ò ní tan ẹ̀rọ. A gbọ́dọ̀ tún yín wọ̀n, ó sì lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó ráyè. Kò sì yẹ kí ìtọ́jú yìí dúró, kí jẹjẹrẹ má baà gbérí. Ta ló fọ̀ ọ́?"

Sirajudeen, tó ti di áfáà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀súbáà. Òun ló gbé kànhìnkànhìn wá sí balùwẹ̀ Mùrí láàárọ̀ Jímọ̀: "Omi ò lè kan ara lábẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fi sàmì sí ọ yìí. Àbí o ò fẹ́ kí ìrun rẹ gbà ni?"

Sirajudeen fa ìlẹ̀kẹ̀ kan sí i.

"Bàbá, ẹ̀yin ni, àbí?"

"Èmi náà ni," Mùrí dáhùn. "Ṣebí èmi náà ló máa ń ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ẹ bi áfáà."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Sirajudeen.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bá a wí. Èmi ni mo ní kó fọ̀ ọ́."

"Háà, Áfáà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé e wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì parí." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Mùrí, abà yẹn... Èmi ni mo sun ún."