Yẹtí Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe jẹ́.

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ní ìlú wa, Naryn, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi. Àkànṣe ẹ̀kọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń pa orúkọ rẹ̀ dà lọ́dọọdún. Tọdún yẹn, Àǹtí Zuura, olùkọ́ wa, pè é ní "Ohun Tí À Ń Sọ Láì La Ẹnu". Bí mi ò bá yege níbẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí. Àǹtí Zuura kọ oríṣiríṣi àmì sínú ìwé pélébé, ó kó wọn sínú fìlà bàbá rẹ̀, ó ní ká máa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àmì tí o bá fà ni wàá gbé sára fọ́jọ́ mẹ́ta," ó ní. "Ohunkóhun tí àwọn èèyàn bá ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni kí kíláàsì ọjọ́ Ẹtì tó parí, òdo ni."

Ọ̀rẹ́ mi Aiperi fa bàtà sójà. Èmi fa yẹtí tuntun àti ìborùn funfun. Ara mi bù máṣọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ọkọ ló ń so yẹtí mọ́ ọmọbìnrin létí, tó ń fi funfun borí rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á. Ẹni tó bá ti so ó, ó ti di tẹni ẹlẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Tilek fẹ́ wá so tèmi. Rọ́ṣíà ni Tilek, àfẹ́sọ́nà mi, ti ń ṣiṣẹ́, ọdún méjì la ti fi ń dúró de ara wa. Ìyá rẹ̀ ò kọ́kọ́ fẹ́ mi, Tilek bẹ̀ ẹ́ títí ló fi gbà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fa òmíràn."

"Kí ló dé? Ṣé ọkọ ń lé ẹ ni?"

Gbogbo kíláàsì fẹ̀rín sí i. Ojú tì mí, mo bá jókòó. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Òdìkejì odò ni Màmá Tilek ń gbé, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wọ ìgboro. Ta ló máa sọ fún un? Bí mo ṣe tan ara mi jẹ nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, mo so yẹtí tuntun ẹ̀gbọ́n Aiperi, mo sì fi ìborùn funfun borí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà pè mí níyàwó, ó fi búrẹ́dì kan ta mí lọ́rẹ. Ọkùnrin kan tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọdún tó kọjá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, ìwé mi wà lórí itan, ni Màmá Tilek bá wọlé pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun. Ó ti ń rajà Sátidé nìyẹn. Etí mi ló kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí ojú mi. Mo dìde fún un, kò jókòó.

"Saikal," ó ní, "ta ló so ìyẹn fún ẹ?"

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò: iṣẹ́ ilé-ìwé ni, mà. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ ọmọ kíláàsì wa méjì wà lẹ́yìn tí wọ́n ń wò mí, òdo yẹn sì ń lé mi kiri. Mo ní ṣebí ọ̀la náà ni, màá lọ bá a nílé, a ó sì jọ fi rẹ́rìn-ín.

"Mi ò lè sọ ọ́ báyìí, mà."

Ó mi orí. Ó ní kí awakọ̀ dúró, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí Zuura fún mi ní máàkì tó ga jù lọ. Mo fa yẹtí yọ nínú kíláàsì, mo sì sáré gba ọ̀nà afárá. N ò tíì dé òdìkejì tí Tilek fi pè. Mi ò jẹ́ kó kí mi tán, mo tú gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkàn mi fẹ́ máa balẹ̀.

"Màmá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, o sì ń kọ̀wé?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa nìyẹn, Tilek."

"Ó dáa. Ka ibi tó kàn wọ́n fún mi."

Mo ṣí i, mo kà á. "'Ìyá àgbàlagbà kan, á tó ọgọ́ta ọdún. Ó wo etí, ó wo ojú. Ètè rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibùdókọ̀, ó gbàgbé ẹrù rẹ̀.'"

"Ìyá àgbàlagbà kan," ó ní. "Saikal, o ò mọ orúkọ wọn?"

Mo ní, "Jọ̀ọ́, Tilek." Ó ti pa fóònù. Orí afárá yẹn ni mo ti yí padà sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dín bọ́ọ̀sọ́ọ̀kì, ìyẹ̀fun díndín tí a fi ń gbàlejò, mo gbé tíì kaná, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó wá.