Alùpùpù Jáde Kúrò Nínú Àká

Bí Zdravka ṣe gbójú sókè tó rí ẹyẹ àkọ̀ lórí òpó iná, kò ráyè sá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó jù ú padà sínú bàsíà, ó já òwú pupa àti funfun tó ti so mọ́ ọrùn ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ó so ó mọ́ ẹ̀ka igi tó ń tanná bí àṣà wọn nígbà tí àkọ̀ bá ti dé, ló bá kọrí sí àká. Òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Alùpùpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lónìí.

"Ìyàwó!" Gana, ìyá ọkọ rẹ̀, ló pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Aṣọ wá ńkọ́? Àbí Rumen ọkọ rẹ á ti oko àjàrà dé, á wá wọ alùpùpù?"

"Màmá, àkọ̀ ti dé!"

"Ó káàbọ̀. Ṣé òun ló máa bá ọ sá aṣọ?"

Zdravka ti wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò lára alùpùpù, ó sì yí i jáde sínú oòrùn. Ìpẹtà ti ń tọ́ ṣéènì wò, alántakùn ti kọ́lé sára fìtílà, táyà iwájú ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Kò bà á nínú jẹ́ rárá. Ó ká apá aṣọ sókè bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun.

Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha àwọn kọ̀rọ̀, ó nù ún gbẹ, ó fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó sì kán òróró sí ṣéènì. Lẹ́yìn náà ló fi ìpara bẹ̀rẹ̀ sí í dán sàlẹ́ńsà. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọjá, ìmọ́lẹ̀ á yọ.

"Abọ́ mi ò mọ́ tó báyìí rí." Gana ti fa àga súnmọ́ ọn. "Ìsàlẹ̀ yẹn ò tíì mọ́."

"Ẹ ò ṣe wá bá mi nù ún?"

"Èmi? Kí n fọwọ́ kan irin tó fẹ́ pa ọ́?" Síbẹ̀ ó yọ ìbọ̀sẹ̀ ògbólógbòó kan lápò, ó jù ú sí i. "Gbà. Èyí rọ̀ ju àkísà rẹ lọ."

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, sàlẹ́ńsà ti ń dán débi pé adìẹ kan dúró síwájú rẹ̀, ó ń fi ẹnu sọ àwòrán ara rẹ̀. Zdravka gbé bátìrì tó ti sùn sẹ́yìn ààrò láti ìgbà òtútù wá, ó fi í sí i, ó rọ epo, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa.

Gana bú sẹ́rìn-ín. "O ti wẹ̀ ẹ́ tán, ó kù kí o sin ín!"

Zdravka ṣí àpótí kékeré tí ẹ̀rọ fi ń mí. Eku ti di irun àgùntàn àti èèpo àsálà kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Ó fi ìka gbẹ́ gbogbo rẹ̀ dànù, ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbààà! Ẹ̀rọ bú ramúramù, àwọn adìẹ fọ́n ká, Zdravka fò sókè, ó figbe ta.

Ó yíjú láti fi ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àga ti ṣófo. Ṣé inú ti bí màmá ni? Kò pẹ́ tí Gana yọ: kóòtù ọjọ́ Àìkú lọ́rùn, àṣíborí Rumen lábẹ́ abíyá.

"Ibo lèèyàn ń jókòó sí?"

"Màmá! Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà mí. Gbé mi gùn ún kí n tó yí ọkàn padà. Ilé Velika là ń lọ."

Velika ni ẹ̀gbọ́n Gana ní abúlé kejì, tó ti ń fi mọ́tò tuntun ọmọ rẹ̀ yangàn láti ìgbà Kérésì.

Yìnyín tó yọ́ ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ta bo sàlẹ́ńsà, ó ta bo kóòtù. Gana di ìyàwó rẹ̀ níkùn mú, ó ń ké. Zdravka rò pé ìbẹ̀rù ni, ó dín eré kù. Àfi ìgbà tó gbọ́: "Kí ló dé? Sáré sí i!"

"Tẹ fèrè ẹ̀!" ni Gana wí nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Velika.

Velika jáde, ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ẹnu là sílẹ̀. "Gana? Ṣé orí ẹ pé? Sọ̀kalẹ̀ wá jẹun!"

"N ò sọ̀kalẹ̀," ni Gana wí, ó na ẹ̀yìn gbọọrọ. "Ẹ kọ́kọ́ wò mí dáadáa ná, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rín pa Zdravka débi pé díẹ̀ ló kù kí alùpùpù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.