Ọwọ́ Ìyá Oníbọ̀wọ́

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni Ìyá Oníbọ̀wọ́ kò fi gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá na ìkókó náà sí i, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Irọ́ ni. Kókó mẹ́rin ló so sí i lọ́wọ́ ọ̀tún: ọ̀kan lórí ìka, àwọn yòókù tò tẹ̀ léra bí èèrà, wọ́n ń gòkè lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti dárúkọ rẹ̀.

Ooru mú níyàrá dókítà, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ ìborùn, àfìgbà tí dókítà, ọmọdébìnrin tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ, rọra bẹ̀ ẹ́. Dókítà ní kó dijú, ó ń fi fọ́nrán òwú kan kókó kọ̀ọ̀kan, ó ní kó máa sọ bó bá ti mọ̀ ọ́n lára. Ìyá ń mọ̀ ọ́n lára. Bó ṣe lajú, ojú dókítà ló ń wò.

Dókítà bi í léèrè iṣẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan lòun ń gbá, tóun ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, àmọ́ ibọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ òun. Ohun tí wọ́n fi sọ òun lórúkọ nìyẹn.

“Kì í kúrò rárá, mà?”

“Àfi… àfi tí mo bá ń fọ àpótí ẹja.”

Àpótí gíláàsì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà, ẹja wẹẹrẹ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ti lọ, àánú wọn sì ṣe é. Ọṣẹ ara ibọ̀wọ́ lè pa wọ́n, ló ṣe ń bọ́ ọ. Òkúta inú omi náà ti gé e níka rí.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Ìyá, ẹja lẹ ṣàánú, ẹ ò ṣàánú ọwọ́ yín.” Ó ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà nínú omi ẹja, ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé. Òun á gé ẹran ara bíńtín lọ yẹ̀ wò kó lè dájú, àmọ́ òun ò rò pé nǹkan mìíràn ni. Oògùn oṣù mélòó kan ni ìyá máa lò sí i.

“Kì í ṣe… ẹ̀tẹ̀?”

“Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá ti jẹ, èèyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n lára bí òwú bá kan ibẹ̀. Ẹ̀yin mọ gbogbo ẹ̀ lára.”

“Ṣé mo lè gbé ọmọ?”

“Ẹ gbé e, mà. Ti omi ẹja kì í ràn látara èèyàn.”

Nílé, ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì, báńdéèjì lára ọ̀kan. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó gbé ìkókó lọ́wọ́, wò ó láwòtúnwò. “Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́, Màmá?”

“Ọwọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀yìn. Gbé e wá.”