Ọtí Àkọ́pọn Hester

Ẹran àgùntàn ni Hester Yapp ń wá nínú fíríìsà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, àpò Cascade, họ́ọ̀pù, òdòdó tí wọ́n fi ń pọn bíà, ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Àpò fàdákà náà ṣì dì pinpin, bí Clem ọkọ rẹ̀ ṣe dì í ló wà, ìwé pélébé tí Clem fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lára rẹ̀. Yìnyín ń jó o níka, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Ẹ gbà mí o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Kí wá ni mo dà sínú ọtí yẹn?"

Kò wá ìdáhùn lọ jìnnà. Àpò fàdákà méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti ku ẹyọ kan. Èyí tí kò sí mọ́ ni họ́ọ̀pù Fuggle tí Mervyn Preece, aládùúgbò wọn, gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ara rẹ̀, tó já a, tó sá a, tó fi ta Clem lọ́rẹ. Clem gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Mervyn kò tíì dé ilé tán tí Clem fi sọ ọ́ sísàlẹ̀ fíríìsà, ó ní òun ò lè fi họ́ọ̀pù tó ń rùn bí àpótí aṣọ bàbá àgbà ba ọtí òun jẹ́.

Ta ni kò mọ Clem Yapp ní Ledbury? Ogún ọdún ló ti ń pọn bíà nínú ahéré ẹ̀yìn ilé rẹ̀, irú ọtí kan náà ni, aláwọ̀ oyin, tí òórùn òdòdó họ́ọ̀pù á ti gba inú yàrá kan kí ìgò tó ṣí tán. Họ́ọ̀pù pọ̀ lọ súà, Cascade nìkan ló ń fẹ́. Ó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Tí wọ́n bá fi òmíràn lọ̀ ọ́, á ní ìyàwó kan ṣoṣo lòun fẹ́, họ́ọ̀pù kan ṣoṣo náà ló tó òun.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni wọ́n rí kókó lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ìtànṣán jó o nílé ìwòsàn. Kókó lọ, a dúpẹ́, àmọ́ adùn ẹnu bá a lọ. Tíì di omi irin, búrẹ́dì di páálí. Dókítà ní adùn náà lè padà, ó sì lè má padà mọ́. Nígbà tó di oṣù Keje, Clem ní ó ti padà. Gbogbo ohun tí Hester bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń yìn, inú obìnrin náà sì ń dùn, àfi lọ́jọ́ tó se ọbẹ̀ ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

"Hester, tòní tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Clem wí.

Hester náà bu síbí kan sẹ́nu. Kò fi ẹyọ iyọ̀ kan sí i! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Clem kò tilẹ̀ pé oṣù kan. Hester gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó lọ sunkún nílé ìwẹ̀, ó sì ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ní kí Clem kọ́ òun ní ọtí pípọn. Apá ọkùnrin náà kò tíì gbé ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò pọntí rí láyé. Clem jókòó sórí àga tòun ti bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ológun. "Rọra ro ọkà yẹn. Họ́ọ̀pù inú agolo yìí ló ṣáájú, torí kó lè korò ni. Èyí tó gbẹ̀yìn ló ni òórùn, òun lọ̀gá. Fi imú sí i kó o tó dà á o!" Ṣùgbọ́n nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn máa fi kàn, oorun ti gbé ọ̀gá ológun lọ. Hester kò wọ awò ojú rẹ̀, kò rántí imú. Ó fa àpò fàdákà kan yọ, ó da gbogbo rẹ̀ sí i.

Òní sì ni wọ́n máa ṣí ìgò àkọ́kọ́.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé kóun kúkú jẹ́wọ́. Clem á fi òun rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ta ló ń sọ ti Fuggle? Bí Clem bá mu ọtí yìí, tó ní Cascade òun rèé, a jẹ́ pé ahọ́n yẹn ti kú nìyẹn, ìyìn tó ń yin oúnjẹ òun látọjọ́ yìí, àánú lásán ni. Ó ti àpò náà sábẹ́ búrẹ́dì, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Lọ́sàn-án, Mervyn dé tòun ti fìlà rẹ̀ tí kì í ṣí. Wọ́n jókòó sí ọgbà, oòrùn oṣù Kẹsàn-án rọra ń ràn sí wọn lára. Clem ṣí ìgò, ó bu ife mẹ́ta, ìfófòó rẹ̀ dìde dáadáa. Mervyn ò dúró de ẹnì kankan. Ó gbé e mu, ojú rẹ̀ sì tàn yanran.

"Háà! Clem, o ti wá—"

Hester ta á nípàá lójúgun lábẹ́ tábìlì.

"—o ti wá sanra díẹ̀," ni Mervyn fi parí rẹ̀, omi lójú.

"Èmi tí mo rí bí igi ìṣáná yìí? Mervyn, ẹnu kan péré lo tíì mu, ọtí ti ń pa ọ́."

Clem gbé ife sókè wo àwọ̀ rẹ̀. Ó fi kan ẹnu. "Ó dáa," ló sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "O ṣeun, Hester. Ọtí mi gan-an rèé."

Hester na ọwọ́ mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń ká a, ó ń tú u. Kò lè wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ń rò ó bóyá kóun sọ pé ẹran ń jóná, kóun sá wọlé.

"Hester."

"Hùn?"

Clem tún ti mu ún. Ó ń pa ẹnu pọ̀, ó ń ṣí i. Ó ti imú bọ ife, iwájú orí rẹ̀ sì hunjọ.

"Kí lo dà sínú nǹkan yìí?"

"Kí ló ṣe é?"

"Kí ni ò ṣe é! Àpótí aṣọ bàbá mi àgbà ló wà lẹ́nu mi yìí. Fuggle ni! Fuggle Mervyn! Ah, obìnrin yìí, o ti bà mí lọ́tí jẹ́!"

"Kí ni Fuggle mi ṣe?" Mervyn ń fọwọ́ ra ojúgun rẹ̀. "Ṣé torí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ dá mi lẹ́sẹ̀?"

Hester ti bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. "Tún un sọ," ó ní. "Jọ̀ọ́, Clem, tún bú u fún mi."

Clem ya ẹnu láti bú u. Ló bá wo ife ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra mu ún lẹ́ẹ̀kẹta, ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

"Mo mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Hester, mo mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

"Kò níyọ̀."

"O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Clem mi orí. Mervyn na ọwọ́ sí ìgò, ó ní kí wọ́n fún ẹni tó mọyì rẹ̀, Clem gbá a lọ́wọ́. Ó mu Fuggle yẹn délẹ̀ ife, pẹ̀lú ojú fífún pọ̀, ó sì tún bu òmíràn.

Hester wọlé lọ wo ẹran tó wà lórí iná. Ó da iyọ̀ sátẹ́lẹwọ́, ó wọ́n ọn sí i, ó tọ́ omi ẹran náà wò, ó tún mú díẹ̀ sí i. Láti ìgbà òtútù, òun nìkan ló ń dá iyọ̀ ilé yìí wọ̀n. Ó ń gbọ́ Clem níta tó ń ké pé bí họ́ọ̀pù Mervyn bá tún wọ inú ahéré òun, ilé á gbóná. Ó bu omi ẹran náà sínú síbí, ó fi ọwọ́ kejì gbè é lábẹ́, ó sì gbé e jáde lọ bá a, kó wá sọ bóyá iyọ̀ ti pọ̀ jù.