Ọkọ̀ Tó Gbé Òkú Ẹlẹ́dẹ̀

Láti òwúrọ̀ ni Dèbórà ti jókòó ti abo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹran náà bímọ, etí rẹ̀ sì ti pọ́n bí etí ẹni tí wọ́n gbá. Méjì ti kú nínú ilé pákó tó wà lórí omi lẹ́yìnkùlé. Bí èyí náà bá lọ, nínú ẹran tí ìyá Dèbórà fi sílẹ̀ kó tó kú, ti Moríkẹ́ àbúrò rẹ̀ lódìkejì odò nìkan ló kù.

Hàmdálàt, dókítà ẹran tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ikùn ẹran náà. Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àmọ́ ó ń tọ́jú rẹ̀ ju àwọn tó ń jẹ ẹ́ lọ.

"Dókítà, àbí òkun tó gba ilẹ̀ wa ni? Ojú kan ni gbogbo wọn há sí, omi tí wọ́n ń mu sì ti di iyọ̀."

"Ìyẹn lè mú ara wọn rọ, Mọ́mì, kí àìsàn tètè ráyè. Àmọ́ àrùn yìí kì í ṣàdédé hù. Nǹkan kan ló gbé e wá."

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà! Dèbórà ti ń ka orúkọ àwọn aládùúgbò nínú ọkàn rẹ̀.

"Ọkọ̀ wo lẹ fi ń kó oúnjẹ wọn?"

"Tèmi ni. Òun náà ni Akínbọ̀dé, aládùúgbò wa, yá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó fi kó òkú ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ dà nù. A kì í fi ọkọ̀ du ara wa níbí. Ṣùgbọ́n mo fi omi òkun fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣebí iyọ̀ la fi ń tọ́jú ẹja kó má bàjẹ́?"

"Omi iyọ̀ kì í pa àrùn yìí, Mọ́mì. Ibo ni ọkọ̀ náà wà?"

Dèbórà bojú wo òpó tó máa ń so ó mọ́. Kò sí níbẹ̀. Moríkẹ́ ti fi í kó èèpo ẹ̀gẹ́ lọ fún ẹran tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá a gbé apẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ó sáré dé orí afárá pákó. Àbúrò rẹ̀ ti gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Moríkẹ́! Má dà á fún wọn o! Moríkẹ́!"

Ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì kan ń kọjá láàárín odò, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn Dèbórà mọ́lẹ̀. Moríkẹ́ da èèpo náà sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sì rọ́ wá. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ju ọwọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́ ọkọ̀.