Ìdérí Ọ̀gánwó fún Ẹja Kan

Ẹja méjì ni mo rà ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí Olúwafúnmilọ́lá, ọmọ wa kan ṣoṣo, lọ sí òkè òkun. Mo kó wọn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wa ní Fìdítì, mo sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láràárọ̀, nítorí ọkọ mi, Díákónì Amos, kì í dáni lóhùn bí ó bá ti ń ka ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fò jáde. Abẹ́ àga ni mo ti bá a, ó ti gan. Mo sunkún, ojú ò sì tì mí.

"Dádì Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan dé gíláàsì yìí kí èkejì má baà lọ. Pátákó pẹlẹbẹ kan ti tó."

Pátákó pẹlẹbẹ kẹ̀! Ọkọ mi ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí, irú wọn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọra, ó bá Sìrájù káfíńtà, ó ní kí ó fi ojúlówó igi ọ̀gánwó kan ìdérí, kí ó máa dán bí àga ìwàásù, kí ó sì fín orúkọ òun sí i lára pẹ̀lú gbogbo oyè tó ti jẹ. Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀.

Ìdérí dé pẹ̀lú férémù igi tí wọ́n kàn án mọ́, ó bo gíláàsì pinpin. Bí mo ṣe nawọ́ sí i kí n lè fún ẹja lóúnjẹ ni ọkọ mi pariwo.

"Má fọwọ́ kàn án! Alága ẹgbẹ́ wa ló máa ṣí i lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti pe àlejò."

"Dádì Fúnmi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹja yìí ńkọ́? Kí ló máa jẹ?"

"Kó gba ààwẹ̀. Ṣebí gbogbo wa là ń gbààwẹ̀."

Ó fi àgádágodo tì í, ó ki kọ́kọ́rọ́ bàpò, ó gba Ọ̀yọ́ lọ ra ríbọ́ọ̀nù.

Ẹ kúkú mọ̀ wá. Kànga tuntun lè kún fún omi kí òùngbẹ máa gbẹ àdúgbò, ẹnikẹ́ni kò ní fà á títí ẹni ńlá kan yóò fi wá gé ríbọ́ọ̀nù. N kò mọ̀ pé àṣà náà yóò wọ pálọ̀ mi ni.

Kò pẹ́ tí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ ẹnu sókè, tó ń wá afẹ́fẹ́. Iwájú ni àgádágodo wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ínjì tí ìdérí fi ń ṣí wà. Mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo tú síkúrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé ẹja lọ sínú abọ́ ńlá kan ní ilé ìdáná, mo fi asẹ́ èlùbọ́ mi dé e. Lẹ́yìn náà mo dá síkúrù padà sáyè wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, alága, Alàgbà Adébáyọ̀, dé pẹ̀lú àwọn àlejò. Ọkọ mi sọ̀rọ̀ títí nípa bí ọ̀gánwó ṣe wọ́n. Alága gbàdúrà kí Ọlọ́run fún ẹja náà ní ẹ̀mí gígùn. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ṣí ìdérí. Omi lásán ló wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ẹni tó máa bi mí pé, "Ẹja dà?"

Àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́.

"Iṣẹ́ ọwọ́ gidi rèé!" ni alága wí, tó ń fọwọ́ pa igi náà lára. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹun, wọ́n lọ.

Títí di òní, ọkọ mi ń nu ìdérí náà dáadáa, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ fi han àlejò. Kò tíì bèèrè ẹja. Èmi náà ti gbé àga mi lọ sí ilé ìdáná, níbi tí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ wà, ọkọ mi kò sì tíì bèèrè mi. Ó dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù àtikú nínú ilé yìí: pósí mi yóò dára púpọ̀.